Ẹja Gbígbẹ Náà Ṣe É Ká

Lọ́sẹ̀ yìí, eré ìdárayá kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, eré tí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ti olówó àti ọ̀gágun nìkan ni. Gọ́ọ̀fù ni mo ń wí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni pé, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ǹjẹ́ ó tún lè kọ́ bí a ti ń fì ọ̀pá, kí bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa lọ dáadáa ju ti àná lọ?

Mo mọ èsì tí wọ́n máa ń fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ẹgbẹ́dá. Wọ́n á ní ẹja tútù ni à ń ká, ẹja gbígbẹ kò ṣe é ká. Òwe àgbà ni, n kò sì bá àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn ìyá tí ń ta ẹja gbígbẹ léèrè. Bí wọ́n bá rẹ ẹja náà sínú omi gbígbóná, tí wọ́n sì ní sùúrù fún un, yóò rọ̀. Ẹni tí ó bá fi agbára ká a ní gbígbẹ ni yóò dá a sí méjì. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Ara àgbà ṣe é kọ́ ní nǹkan tuntun, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú agbára, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìkánjú.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí eré náà rí, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kéré. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 45.93 lọ. Ọ̀pá ni a fi ń gbá a láti ibi kan títí yóò fi wọ inú ihò kan tí fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 108. Ihò 18 ni ó wà nínú pápá tí ó pé. Ọ̀pá tí ènìyàn lè kó sínú àpò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù bá kéré jù ni ó borí. Àwọn òyìnbó ni wọ́n gbé eré náà wá sí ilẹ̀ wa. Ní Ìkòyí, ẹgbẹ́ Ikoyi Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938 ṣì wà títí di òní, wọ́n sì ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀. Láyé ìjọba òyìnbó, koríko tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ó yí ihò ká kò rọrùn láti tọ́jú nínú oòrùn ilẹ̀ wa, nítorí náà ní ọ̀pọ̀ pápá ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iyanrìn ni wọ́n pò mọ́ epo tí wọ́n tẹ́ sí ibẹ̀ dípò koríko.

Àwa ará Alímọ̀ṣọ́, GRA Ìkẹjà ni pápá tí ó sún mọ́ wa. Ẹni tí ó bá ti Ìgándò tàbí Ìkòtún bọ̀ gbọ́dọ̀ tètè jí, nítorí ẹ mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ti rí bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán. N kò ní purọ́ fún yín pé owó kékeré ni wọ́n fi ń gbá gọ́ọ̀fù. Owó ńlá ni, pàápàá fún ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè rí i ṣe, kí ó má jẹ́ kí ọjọ́ orí dá òun dúró. Ẹni tí kò sì lè rí i ṣe, kí ó ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin, nítorí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ara àgbà kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tuntun.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni ohun tí mo ń rí lára àwọn tí a jọ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ó ti ń rìn káàkiri kíláàsì fún ọdún márùndínlógójì, bí ó bá délé, àga ni ó bá jókòó sí. Láàárín ọdún méjì, orúnkún á le, ẹ̀yìn á le, títẹríba mú bàtà á di iṣẹ́. Àwọn ìyá ọlọ́jà náà kò yàtọ̀. Lórí àpótí kan náà ni wọ́n ti ń jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́. Gọ́ọ̀fù ń mú ènìyàn rìn fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú afẹ́fẹ́ tútù, ó sì ń mú ara yí padà. Èrè àkọ́kọ́ nìyẹn, kí a tó wá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọjọ́ orí ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn, kí a sì wo ohun tí kò lè gbà. Ó ń dín iṣan kù. Ó ń mú kí oríkèé le, kí èjìká má lè yí tó bí ó ti ń yí tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ọ̀pá kì í yára tó ti ọ̀dọ́, bọ́ọ̀lù kì í sì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kì í gba sùúrù, kì í gba ìfarabalẹ̀, kì í sì í gba ojú tí ó mọ bí ilẹ̀ ti dà. Àṣìṣe tí mo ń rí lára ọ̀pọ̀ àgbà lórí pápá ni pé ohun tí ó ti lọ ni wọ́n ń sáré lé. Bí bọ́ọ̀lù wọn kò bá jìnnà, wọ́n á di ọ̀pá mú gírígírí, wọ́n á fún eyín pọ̀, wọ́n á sì gbá a bí ẹni tí ń pa ejò. Bọ́ọ̀lù á yà sínú igbó, ẹ̀yìn á sì máa dun wọ́n títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ wo ìyá àgbà tí ń gúnyán. Kì í fi apá lu odó. Yóò gbé ọmọ odó sókè, yóò sì jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ gbé e wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Ọmọge tí ń fi gbogbo agbára gún un ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀. Ẹ wo àgbẹ̀ àgbàlagbà náà tí ń fi àdá ṣán oko. Bí ọ̀dọ́ bá jó fún wákàtí kan tí ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi, bàbá náà ṣì ń bá tirẹ̀ lọ, ìró àdá rẹ̀ kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fífì ọ̀pá gọ́ọ̀fù rí. Orí ọ̀pá náà ní ìwúwo tirẹ̀. Àkókò tí ó fi ń kan bọ́ọ̀lù kò ju nǹkan bí ìdajì ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kò sí agbára tí ènìyàn lè fi kún un láàárín àkókò náà. Ohun tí a bá ti ṣe ṣáájú ni yóò sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Àwọn baba wa kò gbá gọ́ọ̀fù, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ tán: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ó dára, báwo wá ni kí àgbà ṣe é? Mo ń bá ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a sọ̀rọ̀. Kí alòsì yí i padà. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má di ọ̀pá mú bí ẹni tí olè fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dì í mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ kékeré mú sọdá títì: kò gbọdọ̀ bọ́, kò sì gbọdọ̀ dùn ún. Ìkejì, ẹ yí ìka ẹsẹ̀ yín síta díẹ̀ bí ẹ ti dúró. Èyí ń jẹ́ kí ìbàdí rí àyè yí. Ìkẹta, ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kì í ṣe ibi tí Ọlọ́run dá láti máa yí púpọ̀. Oríkèé ìbàdí àti òkè ẹ̀yìn ni ó ń yí. Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé ọ̀pá lọ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ìbàdí bá èjìká lọ, kí gìgísẹ̀ òsì sì gbéra nílẹ̀ díẹ̀ bí ó bá fẹ́. Ẹni tí ó bá so ìbàdí mọ́lẹ̀ tí ó ń fi tipátipá yí èjìká, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Ìkẹrin, ẹ má gbé ọ̀pá jìnnà ju ibi tí ara yín bá gbà lọ. Ìfì kúkúrú tí ó parí dáadáa sàn ju ìfì gígùn tí ó já sọ́nà. Ìkarùn-ún, ẹ parí rẹ̀. Kí àyà yín kọjú sí ibi tí ẹ fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ, kí ẹ sì lè dúró bẹ́ẹ̀ láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ títí bọ́ọ̀lù yóò fi balẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ ti fi agbára púpọ̀ jù sí i nìyẹn. Ẹ má sì ṣe kọ́ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ kì í kọ́ ọmọ ní ìṣirò ìdá àti ewì ní wákàtí kan náà. Ẹ mú ẹyọ kan fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ara òun kò pé tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn oníṣòwò kan fún un. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, Calvin Peete ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní 1943. Ọjà ni ó ń kiri tà fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lóko ní Florida. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó já bọ́ láti orí igi, ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ sì ṣẹ́. Láti ìgbà náà, apá náà kò lè nà tán mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo ìwé gọ́ọ̀fù ni ó ń sọ pé apá òsì gbọ́dọ̀ nà. Ó ti di ẹni ọdún 23 kí ó tó di ọ̀pá mú rárá, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbá a láti kékeré. Kò wá bí apá rẹ̀ yóò ṣe dà bíi ti ẹlòmíràn. Ìfì tí apá kíká náà lè ṣe ni ó kọ́, ó sì ń ṣe é bákan náà lójoojúmọ́. Láti 1981 títí dé 1990, fún ọdún mẹ́wàá gbáko, òun ni ó ń ṣe ipò kìíní láàárín àwọn agbágọ́ọ̀fù ńláńlá Amẹ́ríkà nínú gbígbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sí àárín ọ̀nà tí ó tọ́. Ìgbà 12 ni ó borí nínú ìdíje wọn, ó sì gba ife Players Championship ní 1985. Ó kú ní 2015. Kì í ṣe òun ni ó lágbára jù. Òun ni ó mọ apá ara rẹ̀ jù.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ìṣirò kan wà tí ó yẹ kí ẹ gbọ́. Nínú pápá tí wọ́n bá fi 72 ṣe òdiwọ̀n rẹ̀, 36 nínú rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún títi bọ́ọ̀lù wọ ihò lórí koríko rírẹlẹ̀, méjì méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan. Ìdajì gbogbo rẹ̀ nìyẹn! Títì náà kò sì fẹ́ agbára kankan. Ọmọdé àti arúgbó dọ́gba níbẹ̀. Ìyá aláṣọ kan tí a jọ ń gbá a rẹ́rìn-ín sí àwa ọkùnrin ní ọjọ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìdajì owó wà níbi kékeré yìí, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ń sáré lé èyí tí ó jìnnà.” Òótọ́ ni ó sọ, owó tirẹ̀ sì ń wọlé: kì í gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, ṣùgbọ́n ó máa ń borí wa.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Tom Watson ní Turnberry ní Scotland, ní 2009. Ẹni ọdún 59 ni, kò sì tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀. Òun ni ó wà níwájú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ nínú ìdíje Open títí ó fi dé ihò ìkẹyìn. Títì kan ṣoṣo, tí kò jìnnà, ni ó kù kí ó gba ife náà. Bọ́ọ̀lù kọ̀, kò wọlé. Wọ́n tún un gbá láàárín òun àti Stewart Cink, Cink sì gba ife. Kì í ṣe agbára àgbà ni ó tán ní ọjọ́ náà. Ibi kékeré ni ife ti bọ́.

Mo wá dé ibi tí ó nira jù fún àwa àgbà, pàápàá àwa olùkọ́: ta ni yóò kọ́ wa? Ẹnikẹ́ni kò lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ohun tí o rò pé ara rẹ ń ṣe àti ohun tí ó ń ṣe gan-an kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. O nílò ojú ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ eré náà jù jẹ́ àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ bíi kádì, àwọn ọmọ tí ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀lé àwọn tí ń gbá a. Wọ́n wò ó, wọ́n sì kọ́ ọ. Kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Sewsunker Sewgolum, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí ìran rẹ̀ wá láti Íńdíà, kádì ni òun náà jẹ́. Bí gbogbo ayé ti ń fi ọwọ́ kan sókè ọ̀kan sílẹ̀ di ọ̀pá mú, òdìkejì rẹ̀ ni òun ń ṣe, ó sì borí ní ìdíje ilẹ̀ Netherlands ní 1959, ní 1960 àti ní 1964.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ mi kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Bí mo bá dé, yóò dọ̀bálẹ̀ kí mi, yóò béèrè ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti mú ọ̀pá, èmi ni akẹ́kọ̀ọ́. Yóò ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wo bọ́ọ̀lù náà. Ẹ parí ìfì yín ná.” Èmi tí mo ti fi ọdún púpọ̀ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n tún un kọ, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n tún un ṣe, mo sì ń tún un ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nígbà kan, kò lè gba irú èyí. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ tí òun lè bí máa tọ́ èjìká òun sọ́nà lójú àwọn ènìyàn. Ó ti dá ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá lọ kí i, orí àga ni mo ń bá a, bí yóò bá sì dìde sin mí dé ẹnu ọ̀nà, ògiri ni ó ń gbá mú. Ó dùn mí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ náà kò gba ipò àgbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má rò pé ojoojúmọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ sí Ìkẹjà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ nínú ilé sàn ju wákàtí márùn-ún lọ́jọ́ kan lóṣù, nítorí pé ara máa ń rántí ohun tí a bá ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ́ ife sílẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì ní pálọ̀, kí ẹ máa ti bọ́ọ̀lù sí i. Ẹ mú igi ìgbálẹ̀ gígùn, kí ẹ máa fì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìsí bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín wò, nítorí ọmọdé àti gíláàsì fèrèsé. Ẹ má gbá bọ́ọ̀lù gidi nínú àgbàlá láéláé. Ó lè fọ́ ojú ènìyàn. Ẹ má sì sáré ra ọ̀pá tuntun. Tòkunbọ̀ tí ó fúyẹ́, tí igi rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, yóò ṣe àgbà láǹfààní ju tuntun tí ó le bí irin lọ.

Ẹ tọ́jú ara yín pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìgándò fún àwa ará Alímọ̀ṣọ́. Ẹ rìn díẹ̀ kí ara gbóná kí ẹ tó fì ọ̀pá. Ẹ lọ ní ìdájí kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì gbé omi dání. Bí àyà bá dun yín tàbí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́. Kò sí bọ́ọ̀lù tí ó tó ẹ̀mí.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú eré yìí ni pé ó mọ̀ pé ọwọ́ kò dọ́gba. Wọ́n máa ń fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gbá ní iye kan tí wọn yóò yọ kúrò nínú ìṣirò rẹ̀, ó sì lè tó 54. Bí wọ́n bá fún mi ní 30, tí wọ́n sì fún ọ̀dọ́ kan ní 10, ó fi 20 ràn mí lọ́wọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, a sì lè bá ara wa díje láìsí ìrẹ́jẹ. Bí 30 náà bá di 28 lọ́dún tí ń bọ̀, mo ti tẹ̀síwájú nìyẹn, ẹnikẹ́ni ì báà rí i tàbí kí ó má rí i. Bernhard Langer, ọmọ Jámánì, borí nínú ìdíje àwọn àgbà ti Amẹ́ríkà ní 2023 nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 65. Ní oṣù kejì ọdún 2024, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó tún borí, ó ti di ẹni ọdún 67. A kò lè dà bíi rẹ̀, a kò sì nílò rẹ̀. Kí tòní sàn díẹ̀ ju tàná lọ ti tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀fù ni, bí ó bá jẹ́ tẹníìsì orí tábìlì, bí ó bá sì jẹ́ rírìn yí ọ̀nà ká lásán ní òwúrọ̀, ẹ dìde. Ẹ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọmọ yín. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ ṣe é. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, Ọlọ́run á jẹ́ kí a rí ara wa bá o.